Ẹ Kó Pàǹtí Ọbaléńdé, Ẹ Fi Etí Ọmọdé Sílẹ̀

Ẹ̀rọ kan wà lọ́jà báyìí tí wọ́n ń kì bọ ihò iná lára ògiri. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iná kékeré kan sì máa ń tàn lára rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń tà á máa ń sọ ni pé kò ní òórùn, kò ní májèlé, kò pariwo, ṣùgbọ́n eku, aáyán àti ẹ̀fọn ò ní lè gbé inú ilé tó bá wà. Àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń tà á, àwọn tó ń pàtẹ ohun èlò iná ní Èkó náà ń tà á. Ó wọ àwọn ènìyàn lójú, ó sì yẹ kó wọ̀ wọ́n lójú, nítorí eku ti sọ ilé onílé di tirẹ̀ ní Ọbaléńdé, ní Lafiaji, ní Òkè Súnà, títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n méjì kì í ṣe òótọ́ nínú gbogbo ohun tí olùtajà yẹn sọ. Ẹ̀rọ náà ń pariwo. Kò sì lé eku kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Ohùn gbogbo jẹ́ ìgbọ̀n afẹ́fẹ́. Etí ènìyàn lè gbọ́ ohun tó bá gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ìyá-ìlù wà nísàlẹ̀, ohùn fèrè wà lókè. Ẹ̀rọ alé-eku yìí máa ń ké ní bèbè 20,000 tàbí kó kọjá rẹ̀, òmíràn sì máa ń sọ̀kalẹ̀ dé 18,000 bó bá ń yí ohùn padà. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni agbára etí láti gbọ́ ohùn gíga ń lọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ ohùn tó súnmọ́ 20,000 yẹn. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í sábà gbọ́ ohun tó bá kọjá nǹkan bí 12,000. Ìdí nìyí tí onílé fi lè ki ẹ̀rọ náà bọ ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó tẹ́tí, kó má gbọ́ nǹkan kan, kó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdùnnú pé òun ra ohun tó dára, nígbà tí ọmọ ayálégbé tó sùn sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà kejì ń gbọ́ ohun tó ń gún un bí abẹ́rẹ́ nínú etí láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà lè máa sunkún. Ó lè sọ pé etí ń dun òun. Ìyá rẹ̀, tí òun náà ò gbọ́ nǹkan kan, lè rò pé ibà ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, etí ọmọdé ló ń gbọ́ ohun tí etí àgbà ò gbọ́, ọwọ́ àgbà nìkan ló sì lè yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri.

Àwọn kan ti fi irú ohùn yìí pawó láìfi ọ̀rọ̀ bò. Ní 2005, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Howard Stapleton, ní Merthyr Tydfil ní ilẹ̀ Wales, gbé ẹ̀rọ kan jáde tó pè ní Mosquito. Ó ń ké ní nǹkan bí 17,400, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti lé àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ ọ, wọ́n ń sá. Àwọn oníbàárà tó ti dàgbà ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ké lórí wọn. Ní 2010, ìgbìmọ̀ aṣòfin Council of Europe ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà fòfin de títà àti lílò rẹ̀, nítorí ó ń fìyà jẹ ọmọdé tí kò ṣẹ̀. Ìbátan ẹ̀rọ yẹn ni èyí tí wọ́n ń tà fún wa láti lé eku. Ẹni tó ra Mosquito mọ̀ pé ènìyàn lòun ń lé. Ẹni tó ra ti eku ní Èkó ò mọ̀, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Ẹni tó tà á fún un, tí kò sọ fún un, la ń bá wí.

Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ náà. Ní 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Timothy Leighton ti Yunifásítì Southampton kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Royal Society ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ nípa àwọn tó ń ṣàròyé orí fífọ́, èébì tó ń gbé wọn, etí tó ń hó àti àárẹ̀, ní ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà. Ó tún fi hàn pé ìlànà tí wọ́n fi ń pinnu ìwọ̀n tí ará ìlú lè fara dà ti gbó, ara àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin tó ti dàgbà ni wọ́n sì ti yọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọn ò ro ti ọmọ ọwọ́ sí i. Ní 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò nínú yàrá ìwádìí. Àwọn tí etí wọn gbé ohùn gíga náà sọ pé ó ń ni wọ́n lára. Ní ti ohùn tó ti kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbé, wọn ò rí ẹ̀rí pé ó ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. A mẹ́nu ba apá kejì yìí kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọ̀rọ̀ wa lọ dẹ́rù ba àdúgbò pé ẹ̀rọ yìí ń pa ènìyàn. Kò pa ènìyàn. Ó ń gba oorun lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ni ọmọdé.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń lé eku ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Eku kì í ṣe ohun àwàdà. Àrùn Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ara eku ló ti ń wá, láti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó tó jẹ́ ti wa sì wà lára ibi tó ti ń pa ènìyàn jù. Ìyá tó bá rí ojú eyín eku lára búrẹ́dì ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti náwó lórí ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún un pé yóò lé e. Nítorí náà la ṣe ń bínú pé ohun tí wọ́n tà fún un ò ṣiṣẹ́.

Eku fúnra rẹ̀ ń fi irú ohùn yẹn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, a máa ké ní nǹkan bí 22,000. Bí inú rẹ̀ bá dùn, tó ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, a máa ké ní nǹkan bí 50,000. Etí rẹ̀ ń gbé ohùn dé nǹkan bí 80,000. Ohùn inú ẹ̀rọ kì í ṣe àjèjì sí i rárá. Ó lè dà á láàmú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ bí oúnjẹ bá ṣì wà níbẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò mọ̀ pé ariwo náà kì í buni jẹ, yóò sì padà sídìí agolo gàárì. Ọ̀nà tí ohùn náà ń gbà rìn tún wà níbẹ̀. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 20,000 kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ohun tó kúrú bẹ́ẹ̀ kì í yí gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kì í la ògiri, kì í dé inú àjà, aṣọ tí a ta sẹ́nu ọ̀nà lásán máa ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni eku sì ń gbé. Ibi tí ohùn náà ń dé ni ojú gbangba yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ènìyàn jókòó sí. Ní Ọbaléńdé, níbi tí ooru àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í jẹ́ ká ti fèrèsé, tí yàrá kọjú sí yàrá nínú ilé kan náà, ó ń gba ojú fèrèsé jáde lọ bá aládùúgbò tí kò bá wọn ra ẹ̀rọ.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti rí èyí tipẹ́. Ní 2001, àjọ Federal Trade Commission kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó lé ní 60 tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí tàbí tó ń tà á, pé kí wọ́n má sọ pé ó ń lé eku tàbí kòkòrò bí kò bá sí ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ti ẹ̀fọn, àwọn onímọ̀ inú àjọ Cochrane, tó ń ṣàkójọ ìwádìí lórí ìlera, kó ìwádìí 10 jọ ní 2007 lórí ẹ̀rọ tó ń fi ohùn lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi hàn pé ó dín bí ẹ̀fọn ṣe ń jẹni kù. Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀rọ yìí ká àwọ̀n kúrò lórí ibùsùn ọmọ rẹ̀ ní ìlú tí ibà wà, ó ti fi ọmọ náà lé ẹ̀fọn lọ́wọ́.

Ẹ tún wo àwọn ẹranko tí àwa fúnra wa mú wá sínú ilé. Ajá ń gbọ́ ohùn dé nǹkan bí 45,000, àgùntàn dé nǹkan bí 40,000, ológbò sì kọjá 60,000. Àgbò Iléyá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn kò lè sún kúrò lójú kan. Ológbò tí ìyá àgbà ń tọ́jú nítorí eku kò ní ihò ògiri tó lè sá wọ̀ bí eku, ìta ni yóò sá lọ. Ilé tó bá ra ẹ̀rọ yìí lè wá rí i pé eku ṣì wà, ológbò ló lọ.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè bi wá pé, ní Ọbaléńdé wo? Ní ibi tí ariwo ti gba gbogbo ilẹ̀, ta ni yóò ráyè ariwo tí a kò gbọ́? Òótọ́ ni pé ariwo kún ibẹ̀. Lábẹ́ afárá, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń pe èrò Àjáh, CMS, Yaba àti Oshodi, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo pé kí oníkálukú wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀. Hóònù dáńfò kì í sinmi. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, ọ̀kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lẹ́yìn ilé, èéfín àti ariwo á jọ wọlé. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n lè ta àtíbàbà dí àdúgbò nítorí ìnáwó, kí gbohùngbohùn máa dún títí di ìdájí. Àwọn tó ń ṣe ìsìn òru ń gbé tiwọn sókè, àwọn tó ń ta orin níwájú ṣọ́ọ̀bù ń gbé tiwọn. Ará Ọbaléńdé tó bá lọ sùn ní ìlú kékeré máa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ò jẹ́ kí òun sùn.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, ọ̀kan wà tó jẹ́ ti eku gan-an, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ta òògùn eku ni. Láàárọ̀ ni yóò ti gbé gbohùngbohùn kọ́ èjìká tàbí kó dè é mọ́ ọmọlanke, ohùn tó ti gbà sílẹ̀ á sì máa wí ohun kan náà: òògùn èkúté, òògùn aáyán, òògùn ìdun, òògùn èèrà. Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, kì í mí, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í mọ̀ pé òkú wà nínú ilé tàbí pé ọmọ tuntun ń sùn. Yóò gba òpópónà kan wọlé, yóò gba èkejì jáde, bó bá sì dúró níwájú ilé kan láti tajà, ilé náà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n sórí. A kò sọ pé kí ìjọba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kò yẹ kó máa tan gbohùngbohùn rẹ̀ níwájú ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Níbòmíràn, ohùn ẹnu rẹ̀ tó ó pe oníbàárà, bí ó ṣe tó àwọn tó ń kiri ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láti ìgbà àwọn ìyá wa àgbà.

Ohun tó ń tà náà yẹ fún àyẹ̀wò. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ọ̀rá tàbí ìgò tí kò ní orúkọ. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, fòfin de ìgò kékeré òògùn DDVP, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper, nítorí àwọn tó ń mu ún láti fi pa ara wọn àti àwọn tó ń fọ́n ọn sí oúnjẹ. A fara mọ́ òfin yẹn nígbà náà, a ṣì fara mọ́ ọn. Ìbẹ̀rù májèlé yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn ra ẹ̀rọ tí wọ́n bá sọ fún un pé kò ní májèlé, a sì lóye rẹ̀. Báyìí ni eku ṣe kó ariwo méjì bá wa, ọ̀kan tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, ọ̀kan tí ọmọdé nìkan ń gbọ́.

Òfin ariwo wà ní Èkó. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ yìí, ní kí ariwo má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 1999 pé bí ènìyàn yóò bá sùn dáadáa, kí ariwo inú yàrá má ju 30 lọ. Ní 2016, LASEPA ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn onígbàgbọ́ 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí kan. Bola Shabi tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn sọ pé àwọn fẹ́ kí Èkó bọ́ lọ́wọ́ ariwo tó bá fi máa di 2020. Ọdún 2020 ti kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá sì dúró lábẹ́ afárá Ọbaléńdé fún ìṣẹ́jú márùn-ún mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Síbẹ̀, òfin yẹn wúlò. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ọmọlàkejì ń yọ lẹ́nu ní ibi tó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ẹ̀rọ alé-eku ń yọ lẹ́nu kò ní in. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tí òfin ń kà, bí etí àgbàlagbà ṣe ń gbọ́ ohùn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ariwo kì í ka ohun tó bá kọjá 8,000. Bí òṣìṣẹ́ LASEPA bá gbé irú rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀rọ alé-eku ti ń ké, ohùn fáànù àti ti tẹlifíṣọ̀n nìkan ni yóò rí. Yóò sọ fún ìyá ọmọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sì purọ́, nítorí ohun tí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un nìyẹn. Aburú inú rẹ̀ ni pé ọmọ tó sọ òótọ́ yóò wá di òpùrọ́ lójú àwọn àgbà.

Ọ̀nà àbáyọ wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Maikirofóònù inú fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò lè gba ohùn sílẹ̀ dé bèbè 20,000. Ètò ọ̀fẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán ohùn sójú fóònù. Bí ẹ bá ṣí i nínú yàrá, tí ẹ rí ìlà kan tó dúró gbọnin lókè pátápátá, ẹ yọ ẹ̀rọ náà lára ògiri. Bí ìlà náà bá lọ, tó tún padà dé nígbà tí ẹ dá ẹ̀rọ náà padà síbẹ̀, ẹ ti rí ohun tó ń dà ọmọ láàmú. Àwòrán yẹn ni kí ẹ fi han onílé. Ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má mọ̀ rárá. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì yanjú láàárín yín, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 ń parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba owó.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé ní Ọbaléńdé bá yọ ẹ̀rọ yìí lọ́la, eku ṣì wà, ẹni tó yọ ọ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti bi wá pé kí ni kí òun wá ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ wà lójú títì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jáde lọ wo Ọbaléńdé nígbà tí àwọn onísùyà, oníbúrẹ́dì àti ẹlẹ́wà àgànyìn bá ti palẹ̀ mọ́. Egungun, ìwé tí wọ́n fi di ẹran, àjẹkù, ọ̀rá omi, gbogbo rẹ̀ á kún ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí kò ní ìdérí. Títí tí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí yóò fi dé, eku ló ni ibẹ̀. LAWMA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó kíkó ìdọ̀tí, fúnra rẹ̀ sọ pé pàǹtí tí ìpínlẹ̀ Èkó ń dà lójoojúmọ́ tó tọ́ọ̀nù 13,000. Èyí tó bá sùn sí Ọbaléńdé nínú rẹ̀, oúnjẹ eku ni. Ohùn wo lẹ fẹ́ fi lé ẹranko kúrò nídìí oúnjẹ tí ẹ ń gbé fún un lálaalẹ́?

Èkó ti bá eku jà rí, ó sì yẹ ká rántí bí ó ṣe lọ. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ń gbé láti ara eku sára ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ nílùú yìí, ó sì dà á láàmú fún ọdún díẹ̀. Nínú ìpayà yẹn ni ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, láti tún àwọn àdúgbò tó há ṣe. Láti 1955, àjọ yẹn kan náà wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó àwọn ẹbí lọ sí Surulere. Peter Marris, tó ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé àwọn tí wọ́n kó lọ jìnnà sí ẹbí wọn, ọjà àwọn obìnrin tó ń tajà bà jẹ́, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè wọn. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó dàgbà lónìí ṣì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. A ń sọ ìtàn yìí nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé eku pọ̀ ní Ọbaléńdé kó wá rán katapílà sí wa. Ilé kọ́ ló ń bí eku. Ọbaléńdé tí ilẹ̀ rẹ̀ ti di ohun tí olówó ń fojú sí kò nílò àwáwí tuntun tí wọn yóò fi lé mẹ̀kúnnù kúrò.

Ohun tó nílò ni wolé-wolé. Àwọn tó mọ ìgbà tí wolé-wolé máa ń ṣí ìkòkò omi wò, tó ń wo ẹ̀yìnkùlé, tó ń fi ojú wá ihò eku, ṣì wà láàyè, wọ́n sì rántí bí ìyá wọn ṣe máa ń tètè gbálẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòyí-Ọbaléńdé ní òṣìṣẹ́ ìlera àyíká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde ní ọ́fíìsì. Ìmọ́tótó oṣooṣù tí a máa ń ṣe ní Èkó dáwọ́ dúró ní 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ti sọ ní 2015 pé kò bófin mu láti sé ará ìlú mọ́lé nítorí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó yẹ kó sé wa mọ́lé nítorí ìgbálẹ̀. Àṣìṣe ìjọba ni pé kò fi nǹkan kan tó dúró ṣinṣin rọ́pò rẹ̀.

Kí LAWMA ṣètò ọkọ̀ tí yóò dé Ọbaléńdé lóru, lẹ́yìn tí àwọn olóúnjẹ bá ti palẹ̀ mọ́, kí eku tó jáde. Kí gọ́tà ní ìdérí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ta oúnjẹ lálẹ́ ní garawa tó ní ọmọrí, kí ó sì jẹ́ àdéhùn tí wọ́n fi gbà á láyè láti pàtẹ níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó lè fòfin de ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní ọdún 2024 ní agbára láti pàṣẹ garawa. Iṣẹ́ onílé kéré sí èyí: kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti wáyà dí ihò. Eku kékeré lè gba ihò tí kò fẹ̀ ju pẹ́ńsù lọ, èkúté ńlá kò nílò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Owó ẹ̀rọ kan yóò ra sìmẹ́ńtì tó máa dí ihò púpọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ wà fún SON tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, fún FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti fún LASCOPA tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin FCCPC ti 2018 kò fàyè gba kí olùtajà sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ọjà rẹ̀. Kí wọ́n ra díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lọ́jà, kí wọ́n wọn ohùn wọn, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní èdè tí ará ọjà gbọ́. Èyí tó bá ń ké ní ìsàlẹ̀ 20,000 kò gbọdọ̀ wọlé sí ilẹ̀ yìí mọ́. Èyí tí wọ́n bá sì gbà láyè láti wọlé, kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn lè máa gbọ́ ọ. Kí LASEPA náà ra òṣùwọ̀n tó ń ka ohùn gíga, ó kéré tán ọ̀kan ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi irú ohùn yìí kún ohun tí òfin rẹ̀ kà sí ariwo.

Bí owó kò bá tó láti yẹ gbogbo ilé wò, ibi tí ọmọdé pọ̀ sí ni kí àjọ náà ti bẹ̀rẹ̀: ilé ìwòsàn ọmọdé tó wà ní òpópónà Massey, ilé-ìwé girama St. Gregory's àti Holy Child, àti àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà láàárín Ọbaléńdé àti Lafiaji. Kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wọ kíláàsì àti wọ́ọ̀dù, kí wọ́n wo ara ògiri níbi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, kí wọ́n sì bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n ń gbọ́.